Kí A Tó Ṣí Àpótí Lẹ́tà fún Aráyé

Kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè yé tèwe tàgbà, ẹ jẹ́ kí n fi àpèjúwe kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé owó ìlú kan sọnù. Àwọn ará ìlú ń kùn, wọ́n ní àwọn tí ń ṣàkóso ìlú mọ̀ nípa rẹ̀. Níkẹyìn gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé kí a gbé àpótí lẹ́tà ìgbìmọ̀ ìlú lọ sí gbangba ọjà, kí a ṣí i, kí àwọn tí ó mọ̀wé máa kà á sókè. Ìmọ̀ràn náà dára. Owó gbogbo ènìyàn ni ó sọnù, ó sì tọ́ kí gbogbo ènìyàn mọ ọ̀nà tí ó gbà lọ.

Wọ́n ṣí àpótí. Lẹ́tà kìíní jẹ́ ti agbaṣẹ́ṣe kan tí ó gba owó afárá tí kò sì ṣe afárá. Àwọn èrò hó yèè. Lẹ́tà kejì jẹ́ ti ìyá kan tí ó bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n ṣàánú òun, nítorí pé àìsàn kan báyìí ń ṣe ọmọbìnrin òun, òun kò sì ní owó ìtọ́jú. Orúkọ ọmọ náà wà nínú rẹ̀, orúkọ àìsàn náà wà nínú rẹ̀, àdúgbò tí wọ́n ń gbé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ náà gan-an sì dúró láàárín èrò, ó gbé igbá ẹ̀kọ rẹ̀ lérí.

Kí ni ọmọ yìí ṣe? Kò jí owó ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó bá ń kiri ẹ̀kọ, àwọn kan kò ní rà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. A wá olè, a rí olè, ṣùgbọ́n a tú àṣírí aláìṣẹ̀ mọ́ tirẹ̀.

Àpótí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ti òde òní kì í ṣe pákó mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni ó wà, ímeèlì sì ni lẹ́tà inú rẹ̀. Gbogbo yín ni ẹ mọ ímeèlì: lẹ́tà tí a ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tàbí lórí fóònù, tí ó ń dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí kí ó tó ṣẹ́jú. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò rò ni pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í tètè kú. Ilé-iṣẹ́ a máa tò ó pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà mìíràn a sì wà tí ìjọba tàbí olóṣèlú yóò kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí aráyé lè kà á. Ọjà tí a ń ná nígbà náà kì í ṣe ọjà ìlú kan. Ọjà gbogbo ayé ni, kì í sì í tú nírọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó gbajúmọ̀ jùlọ fún yín. Ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà tí a ń pè ní Enron, tí ń ṣòwò gáàsì àti iná mànàmáná. Ní oṣù kejìlá ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ náà wọko gbèsè. Ó hàn pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ń pa irọ́ nípa èrè wọn. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2000 àti 2001, iná mànàmáná ti wọ́n gógó ní ìpínlẹ̀ California, a sì fura pé ọwọ́ Enron wà nínú rẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ọ̀ràn iná mànàmáná àti gáàsì, tí wọ́n ń pè ní FERC, ṣe ìwádìí. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2003, àjọ náà kó ímeèlì Enron jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Ohun rere ni èyí. Àwọn ènìyàn rí bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ láàárín àwọn tí ó ba owó jẹ́. Àwọn onímọ̀ pẹ̀lú jàǹfààní rẹ̀. Ẹ̀dà kan tí Yunifásítì Carnegie Mellon ń pín fún àwọn olùwádìí ní nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lẹ́tà, tí a kó láti inú àpótí ímeèlì nǹkan bí 150 òṣìṣẹ́. Pẹ̀lú irú lẹ́tà wọ̀nyí ni a fi kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ti máa ya lẹ́tà gidi sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà pàǹtírí.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọmọ ẹlẹ́kọ. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ Enron ni ó mọ̀ nípa ìwà ọ̀gá. Wọ́n ń fi ímeèlì ibi iṣẹ́ ṣe gbogbo nǹkan, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe. Wọ́n fi kọ̀wé sí ọkọ àti aya wọn. Wọ́n fi sọ ohun tí dókítà wí. Wọ́n fi nọ́ńbà káàdì báǹkì wọn ránṣẹ́. Wọ́n fi nọ́ńbà Social Security wọn ránṣẹ́ pẹ̀lú, èyíinì ni nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá ènìyàn mọ̀, tí gbájú-ẹ̀ bá rí i, ó lè fi orúkọ olórúkọ yá owó. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí gbangba. Àwọn òṣìṣẹ́ figbe ta, wọ́n sì yọ àwọn lẹ́tà kan kúrò. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò parí. Ní ọdún 2013, ọdún 10 lẹ́yìn tí àpótí ti ṣí, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Nuix tún ẹ̀dà mìíràn nínú àkójọ náà yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n yọ nínú rẹ̀ lé ní 10,000, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ owó àwọn ènìyàn. Fún ọdún 10 ni ó fi wà níbẹ̀ tí ẹni rere àti ẹni búburú ń kọjá lára rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, "Olùkọ́, kí ló dé tí wọn kò yọ ọ́ kí wọ́n tó gbé e jáde?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà le ju bí a ti ń wò ó lọ. Ẹ jẹ́ kí á wo bí a ti ń ṣe é ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: a kì í fọwọ́ kan ojúlówó. A ó tọ́jú ojúlówó síbi tí a tì pa, nítorí pé ilé ẹjọ́ lè béèrè rẹ̀ lọ́la. A ó ṣe ẹ̀dà, lára ẹ̀dà ni a ó ti ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: a ó rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́. Ìdajì mílíọ̀nù lẹ́tà kì í ṣe ohun tí ojú ènìyàn lè kà tán ní kíákíá. Bí ẹnì kan bá ń ka 500 lójoojúmọ́ láìsinmi, 1,000 ọjọ́ ni yóò gbà á. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ní ìrísí tirẹ̀. Nọ́ńbà Social Security jẹ́ ẹyọ 9, wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ ní 3, kí wọ́n fi àlàfo sí i, 2, àlàfo, kí wọ́n sì fi 4 parí rẹ̀. Nọ́ńbà káàdì báǹkì sábà máa ń jẹ́ ẹyọ 16. A ó wí fún kọ̀ǹpútà pé, "Gbogbo ibi tí o bá ti rí ohun tí ó rí báyìí, fi àmì sí i." Kò ní sùn, kò ní rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mú pẹ́ńsù yín. Ọgbọ́n ìṣirò kan wà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ bóyá nọ́ńbà kan lè jẹ́ ti káàdì báǹkì. Ọ̀gbẹ́ni Hans Peter Luhn, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ IBM, ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1954. Ẹ jẹ́ kí á fi nọ́ńbà kúkúrú dán an wò: 27417. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà, ẹ sọ ìkejì di ìlọ́po méjì, ẹ fi ìkẹta sílẹ̀, ẹ sọ ìkẹrin di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Bí ìlọ́po méjì bá ju 9 lọ, ẹ yọ 9 nínú rẹ̀. Ó yá: 7 dúró bí ó ti wà, 1 di 2, 4 dúró, 7 di 14, a yọ 9, ó ku 5, 2 dúró. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 7 àti 2 àti 4 àti 5 àti 2. Ó jẹ́ 20. A lè fi 10 pín 20 láìṣẹ́kù, nítorí náà nọ́ńbà náà yege. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá ṣi í kọ ní 27471, àròpọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 17, a ó sì mọ̀ pé kò tọ̀nà. Ẹ ṣe é wò fúnra yín.

Ọgbọ́n yìí ń dín iṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Bí a bá kàn ṣa nọ́ńbà kọ bí ó ti wu wá, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 10 yóò ṣì yege. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìrísí a máa tan kọ̀ǹpútà jẹ. Ẹ wo ilẹ̀ wa níhìn-ín. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, tí a ń pè ní NIN, jẹ́ ẹyọ 11. BVN ti báǹkì jẹ́ ẹyọ 11. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká wa náà, ẹyọ 11 ni. Bí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó pa gbogbo ẹyọ 11 rẹ́, yóò pa nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì tí gbogbo ènìyàn yẹ kí ó mọ̀ rẹ́ pẹ̀lú.

Nítorí náà, ìgbésẹ̀ kẹta ni ojú ènìyàn. Kọ̀ǹpútà lè rí nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti mọ ìtìjú. Lẹ́tà tí ó wí pé, "Ìyàwó mi ti kó ẹrù rẹ̀ jáde lánàá," kò ní nọ́ńbà kankan nínú. Orúkọ nìkan kọ́ sì ni ó ń tú àṣírí. Bí a bá pa orúkọ obìnrin kan rẹ́, tí a wá fi "olùkọ́ ìṣirò obìnrin kan ṣoṣo tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa" sílẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n? A fi ewé kókò bo erin ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí á wá ẹ̀dà rẹ̀ kiri. Nígbà tí a bá fèsì ímeèlì, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé a máa tẹ̀ lé èsì wa lábẹ́. Ẹni náà a tún fèsì, a tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Lẹ́tà kan a di mẹ́wàá. Bí a bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú ọ̀kan tí a kò wo mẹ́sàn-án yòókù, iṣẹ́ òfo ni a ṣe.

Ìgbésẹ̀ kárùn-ún: kí á tú ìwé tí a so mọ́ lẹ́tà wò. Ìtàn Jeb Bush kọ́ wa ní èyí. Ó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Florida láti ọdún 1999 títí di ọdún 2007. Ní oṣù kejì ọdún 2015, nígbà tí ó ń múra láti du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, ó kó ọ̀kẹ́ àìmọye ímeèlì ìgbà ìjọba rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé òun kò fi nǹkan pamọ́. Láìpẹ́ àwọn akọ̀ròyìn rí i pé nọ́ńbà Social Security àwọn ará ìlú tí ó lé ní 12,000 wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jùlọ kò sí nínú lẹ́tà gan-an, inú ìwé kan tí a so mọ́ lẹ́tà ni ó wà. Lẹ́tà àwọn mẹ̀kúnnù tí ó kọ̀wé sí gómìnà fún ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn àti ìṣòro wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yára yọ àwọn nọ́ńbà náà kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti rí i ná. Àwọn àgbà wí pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ohun tí a ti kà sí etígbọ̀ọ́ aráyé, a kò lè rá a padà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà ni kí a rí i dájú pé ohun tí a ní a pa rẹ́ ti rẹ́ ní tòótọ́. Láyé àtijọ́, akọ̀wé a fi tàdáwà dúdú kun ọ̀rọ̀ lórí ìwé, ó parí. Lórí kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn agbẹjọ́rò Paul Manafort, ọ̀kan nínú àwọn tí ó darí ìpolongo ìbò Donald Trump ní ọdún 2016, fi ìwé kan ránṣẹ́ sí ilé ẹjọ́. Wọ́n fi ìlà dúdú bo àwọn ibi tí wọn kò fẹ́ kí ayé rí. Àwọn akọ̀ròyìn kàn da ibi dúdú náà kọ sórí ojú ewé mìíràn nínú kọ̀ǹpútà ni, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì jáde kedere. Aṣọ ni wọ́n dà bò ó, wọn kò gbé e kúrò. Nítorí náà, pípa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ gan-an ni ó yẹ, kí á sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn dípò rẹ̀, bí "nọ́ńbà báǹkì ni a yọ níhìn-ín." Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ, kí á máa pe ẹnì kan náà ní "Ẹni A" nínú gbogbo lẹ́tà, kí òǹkàwé lè mọ ẹni tí ó ń bá ẹni sọ̀rọ̀ láìmọ ẹni tí í ṣe.

Ní báyìí, mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ọ̀rọ̀ yìí yóò dùn mọ́ àwọn olè nínú o!" Òótọ́ ni. Ẹni tí ó jẹ owó afárá lè sọ pé kí a pa orúkọ òun rẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ òun ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọwọ́ sí lórí àga ìjọba, tí ó fi owó ìlú ṣe, ti ìlú ni. Orúkọ rẹ̀ yóò dúró níbẹ̀. Ohun tí a ń bò ni nọ́ńbà báǹkì rẹ̀, àìsàn ìyá rẹ̀, àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ. Kí ẹni tí ó bá ń pa nǹkan rẹ́ máa bi ara rẹ̀ léèrè pé: "Bí mo bá yọ èyí, ǹjẹ́ ìlú yóò ṣì mọ ọ̀nà tí owó gbà lọ?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó rora.

Òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú mọ ọ̀nà méjèèjì yìí. Òfin ọdún 2011 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba kí á lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Òfin kan náà ní kí wọ́n má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹnìkan lélẹ̀, àfi bí ẹni náà bá gbà, tàbí bí ọ̀rọ̀ náà bá ti wà ní gbangba tẹ́lẹ̀, tàbí bí àǹfààní rẹ̀ fún ará ìlú bá pọ̀ ju ìpamọ́ rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, òfin mìíràn tún jáde lórí dídáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni. Ó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ wa lọ́wọ́ tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe, tàbí kí ó pa èyí tí kò ní ìdí láti tọ́jú mọ́ rẹ́. Bí kò bá gbọ́, a lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àjọ tí ìjọba yàn fún un.

Kí ni kí àwa náà ṣe? Ohun mẹ́ta ni. Èkíní, kí á má ṣe kọ nọ́ńbà báǹkì tàbí ọ̀rọ̀ àìsàn sínú ímeèlì ibi iṣẹ́, nítorí pé a kò mọ ọjọ́ tí a ó ṣí àpótí. Èkejì, bí ẹ bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ìjọ tàbí ilé-ẹ̀kọ́, tí ẹ sì fẹ́ gbé ìwé jáde fún gbogbo ènìyàn, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn kà. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ ara yín níbi tí kò yẹ, ẹ má ṣe pariwo rẹ̀ kiri, kí àwọn tí kò tí ì rí i má baà lọ wò ó. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó gbé e jáde, ẹ tọ́ka sí ojú ewé náà gan-an, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ó yọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí gbangba ọjà. Mi ò ní kí a má ṣí àpótí. Bí a kò bá ṣí i, olè yóò máa jẹun lọ. Ohun tí mo ń wí ni pé, kí a tó ṣí i, kí àwọn olóòótọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́kọ́ jókòó tì í lóru, kí wọ́n tan fìtílà, kí wọ́n sì fi sùúrù ka ìwé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kí a ka lẹ́tà agbaṣẹ́ṣe sókè tantan. Kí ọmọ ẹlẹ́kọ náà dúró láàárín èrò, kí ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kí ó sì gbé igbá rẹ̀, kí ó máa polówó ọjà rẹ̀ lọ.